Ìmìtìtì Ilẹ̀: Mímúra Ilé Sílẹ̀ Jẹ́ Ara Gbígbáralé Ọlọ́hun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní fún wa láti máa gbé lórí rẹ̀, tí ó sì lè mì í nígbà tí ó bá wù Ú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ Al-Kìyáámà.



Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé ilẹ̀ mì ní ìlú kan, tí ilé wó, tí ẹ̀mí sì ṣòfò, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń jáde lẹ́nu àwa ọ̀dọ́. Àwọn kan á ní: "Kádàrá ni. Ẹni tí Ọlọ́hun bá kọ ikú mọ́ yóò kú, ẹni tí kò bá kọ ọ́ mọ́ yóò yè. Kí ni ènìyàn tún ń múra sílẹ̀ fún?" Àwọn mìíràn á ní: "Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló pọ̀ jù." Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ létí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n Al-Kùránì àti Súnnà, a ó rí i pé wọn kò wọ̀n tó. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa ọmọ ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá mi ka wáàsí oṣù yìí dé òpin.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ TURKEY ÀTI SÍRÍÀ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023, ní agogo mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 17, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lójú oorun nínú òtútù, ilẹ̀ mì ní gúúsù Turkey àti àríwá Síríà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.8. Nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.5 tún ṣẹlẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Ní Kahramanmaraş, ní Antakya, ní Adıyaman, títí dé Aleppo àti Idlib ní Síríà, ilé alájà mẹ́jọ, mẹ́wàá, wó lé àwọn tí ń sùn nínú wọn lórí. Àwọn tí ó kú ní Turkey nìkan lé ní 50,000. Ti Síríà jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mọ́ṣáláṣí Habib-i Neccar ní Antakya, tí ó wà lára àwọn mọ́ṣáláṣí tí ó pẹ́ jùlọ ní ilẹ̀ náà, wó pẹ̀lú.

Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Èèpo òde ilé ayé pín sí abala ńláńlá, àwọn abala náà kò sì dúró sójú kan. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ́dún. Abala tí ilẹ̀ Lárúbáwá wà lórí rẹ̀ ń ti abala tí Turkey wà lórí rẹ̀. Wọ́n lè há mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára á máa kó jọ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ lára ara wọn ni ilẹ̀ ń mì. Kò sí ẹ̀dá tí ó lè sọ ọjọ́ àti wákàtí tí yóò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ mọ ibi tí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀. Mímọ sàbábì rẹ̀ kò sì yọ ọwọ́ Ọlọ́hun kúrò nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mímọ̀ pé òjò ń ti inú kùrukùru wá kò ṣe sọ pé Ọlọ́hun kọ́ ló ń rọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ní àdúgbò kan náà, ilé kan á wó pátápátá, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dúró. Ní Kahramanmaraş, ilé ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ìkọ́lé dúró ṣinṣin láàárín àwọn ilé tí ó wó yí i ká. Ilẹ̀ kan náà ló mì lábẹ́ gbogbo wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni irin tí a fi sí òpó, sìmẹ́ǹtì tí a kò jí nínú rẹ̀, àti ẹni tí ó tẹ̀lé òfin nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó. Òfin ìkọ́lé tí ó dára wà ní Turkey, pàápàá lẹ́yìn ìmìtìtì ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1999 tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 17,000 ní agbègbè İzmit. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò tẹ̀lé e. Ní ọdún 2018, ìjọba tilẹ̀ fún àwọn tí ilé wọn kò bá òfin mu láàyè láti san owó kí ilé náà lè di èyí tí òfin gbà. Owó náà wọ àpò ìjọba, ṣùgbọ́n kò fi irin kan kún òpó ilé. Àwọn àgbà wa ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ tún wo ọdún 2010. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.0 ṣẹlẹ̀ ní Haiti, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100,000. Ní oṣù kejì, òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8.8 ṣẹlẹ̀ ní Chile. Agbára ti Chile fi nǹkan bí ìlọ́po 500 ju ti Haiti lọ, síbẹ̀ àwọn tí ó kú níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 500. Chile ti jìyà ìmìtìtì nígbà àtijọ́, wọ́n kọ́ ọgbọ́n, wọ́n ṣe òfin ilé, wọ́n sì tẹ̀lé e. Haiti kò ní ànfààní bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí èyí tán, tí ó tún ní ìmúrasílẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, kò fẹ́ lo làákàyè tí Ọlọ́hun fún un ni.

ǸJẸ́ Ẹ̀ṢẸ̀ WỌN NI?

Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.), kú, oòrùn wọ òkùnkùn lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé nítorí ikú ọmọ Ànábì ni. Ẹlòmíràn ì bá gba ọlá yẹn. Ṣùgbọ́n Ànábì dìde, ó sì kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí wọ́n dojú kọ ìrun àti àdúà. Ẹ rí i pé kò jẹ́ kí a mú àmì Ọlọ́hun ṣe ìtumọ̀ tí ọkàn wa bá ṣáà fẹ́.

Ní ọdún 1960, ìmìtìtì wó ìlú Agadir ní Mòrókò lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ràmádáànì, àwọn tí ó kú lé ní 10,000. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ní òwúrọ̀, nínú oṣù Ràmádáànì kan náà, òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Kashmir. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 70,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì jẹ́ ọmọ iléèwé tí wọ́n jókòó sí kíláàsì. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn ló pa wọ́n, kí ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ ọdún méje dá fún wa. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) ka onígbàgbọ́ tí ilé tàbí ògiri wó pa mọ́ ara àwọn ṣàhíìdì. Ta ni àwa tí a ó máa bú ẹni tí Ànábì pè ní ṣàhíìdì?

Òtítọ́ ni pé ìmìtìtì jẹ́ ìkìlọ̀. Súrátù Zilzāl sọ fún wa nípa ìmìtìtì ńlá ti ọjọ́ ìkẹyìn, tí ilẹ̀ yóò sọ ohun tí a ti ṣe lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ ni ìkìlọ̀ náà wà fún. Ẹni tí ó gbọ́ tirẹ̀, kí ó tún ìrun rẹ̀ ṣe, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí ó tọrọ àforíjìn, kí ó sì fi sàráà ránṣẹ́ sí àwọn tí ó kàn.

KÁDÀRÁ ÀTI SÀBÁBÌ

Gbogbo wa la mọ hádíìsì ọkùnrin tí ó bi Ànábì (S.A.W.) léèrè bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìdè, kí òun sì gbáralé Ọlọ́hun. Ànábì pàṣẹ fún un pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbáralé Ọlọ́hun. Ìsinmi ọkàn nínú Ọlọ́hun ń bẹ lẹ́yìn okùn, kì í ṣe dípò okùn.

Ẹ tún wo àwọn Ànábì yòókù. Ọlọ́hun lè gba Ànábì Nuhu là láìsí ọkọ̀, síbẹ̀ Ó ní kí ó kan ọkọ̀. Ànábì Yusufu mọ̀ pé ìyàn ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́hun ni Olùpèsè, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n fi ọdún méje kó ọkà pamọ́. Ànábì wa fúnra rẹ̀ wọ aṣọ irin méjì léra wọn lójú ogun Uhud. Kódà nígbà tí Al-Kùránì ń ṣàlàyé bí a ṣe ń kírun lójú ogun, ó pàṣẹ pé kí àwọn olùkírun mú ohun ìjà wọn dání. Bí a bá lè mú ìmúrasílẹ̀ wọ inú ìrun, níbo la ó ti wá sọ pé ìmúrasílẹ̀ dín ìmọ̀nì kù?

Nígbà tí Séyídínà Umar (R.A.) ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá láti inú kádàrá Ọlọ́hun lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun ni. Ẹni tí ó de kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ ògiri kí ó má baà wó lu ọmọ rẹ̀, inú kádàrá ni ó wà. Ẹni tí ó kọ̀ láti dè é, inú kádàrá ni òun náà wà, ṣùgbọ́n yóò dáhùn ìbéèrè lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, nítorí olùṣọ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, a ó sì bi í léèrè nípa àwọn tí ń bẹ lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MÚRA ILÉ ÀTI ẸBÍ SÍLẸ̀

Àwọn ọmọ wa kan wà ní Turkey níbi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn ń gbé ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ilẹ̀ máa ń mì ní àwọn ibẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣe é, kí ẹni tí ó ní ẹbí níbẹ̀ sì fi ránṣẹ́ sí i.

Ìkíní, ilé fúnra rẹ̀. Kí o tó sanwó ilé, bèèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ àti bóyá ẹnjiníà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n ti gé òpó kúrò láti fi àyè ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ògiri tí a kùn dáradára tàn ọ́ jẹ.

Ìkejì, ẹrù inú ilé. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga, pẹpẹ ìwé, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi irin àti ìṣó dè wọ́n mọ́ ògiri. Ohun tí ó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kó o sí. Ẹ má ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sábẹ́ fèrèsé onígíláàsì, ẹ má sì gbé dígí ńlá tàbí àwòrán tí ó wúwo kọ́ sókè ibi tí ẹ ń forí lé.

Ìkẹta, gáàsì àti iná. Ilé kan jóná lóru ní Mẹ̀dínà mọ́ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Ànábì (S.A.W.), ó kìlọ̀ pé ọ̀tá wa ni iná, ó sì ní kí a máa pa á kí a tó sùn. Ẹ so ìkìlọ̀ yẹn mọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo àti Yokohama ní Jàpáànì ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923. Ilẹ̀ mì nígbà tí ó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán lù, tí iná ìdáná oúnjẹ ọ̀sán ń jó lọ́wọ́. Ènìyàn tí ó lé ní 100,000 kú, iná ló sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, kí gbogbo àgbà inú ilé mọ bí a ti ń ti gáàsì, bí a ti ń pa iná mànàmáná láti orísun rẹ̀, àti bí a ti ń ti omi. Kò yẹ kí ó jẹ́ baálé nìkan ló mọ̀ ọ́n, nítorí ó lè má sí nílé.

Ìkẹrin, omi àti oúnjẹ. Ẹ tọ́jú omi nǹkan bí lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún yóò ní lítà 60. Ẹ fi oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́, tí kò sì ní sísè, tì í. Bí omi kò bá tó, mímu ni kí ẹ fi ṣe, kì í ṣe àlùwàlá. Ọlọ́hun ti fún wa ní tàyámọ́mù, ilẹ̀ tí ó mì yẹn náà ni yóò sọ yín di mímọ́ fún ìrun. Kí omi náà má baà bàjẹ́, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún: nígbà tí Mùhárámù bá wọlé, àti nígbà tí Rájábù bá wọlé. Oṣù mẹ́fà ló wà láàárín wọn.

Ìkarùn-ún, àpò kan nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹ kó tọ́ọ̀ṣì, rédíò kékeré àti bátìrì rẹ̀ sínú rẹ̀, báńdéèjì àti òògùn, pàápàá ti àwọn tí ó ní ìfúnpá gíga tàbí ìtọ̀ ṣúgà, owó díẹ̀, oúnjẹ ọmọ ọwọ́, aṣọ òtútù, fèrè kékeré irú èyí tí rẹfirí ń fọn, àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó. Ẹ fi ìwé wásíyyà yín kún un. Ànábì (S.A.W.) kò fẹ́ kí Mùsùlùmí tí ó ní nǹkan láti sọ sun oorun òru méjì láìkọ wásíyyà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ gbèsè tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín sínú rẹ̀.

Ìkẹfà, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà àti tọ́ọ̀ṣì ni kí ó wà níbẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mì tán, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ á kún fún àfọ́kù gíláàsì. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ fi híjáàbù ńlá kan tí a lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ sítòsí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí lọ́wọ́ nígbà tí ilé bá ń wó, ẹ má ṣe padà wọlé torí rẹ̀. Ní ìgbà ìnira, ẹ̀sìn wa gbà fún ẹni tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Arákùnrin tí ó bá rí arábìnrin nírú ipò bẹ́ẹ̀, kí ó bọ́ aṣọ lé e lórí, kí ó sì yí ojú rẹ̀ kúrò.

Ìkeje, ìpàdé ẹbí. Ẹ jókòó, ẹ fẹnu kò sí ibi gbangba kan tí gbogbo yín yóò ti pàdé bí ẹ bá pínyà. Ẹ mú ẹbí kan tí ó ń gbé ní ìlú mìíràn, kí gbogbo yín mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí, kí ó jẹ́ òun ni ẹ ó máa ránṣẹ́ sí, nítorí tẹlifóònù máa ń há lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ ránṣẹ́ sì sábà máa ń kọjá ju ìpè lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ yín ohun tí iléèwé yóò ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dánra wò pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ohun tí ọmọ kò tíì fi ara ṣe rí, kò ní rántí rẹ̀ nínú ìpayà.

NÍGBÀ TÍ ILẸ̀ BÁ Ń MÌ

Ẹ má ṣe sáré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni bíríkì àti gíláàsì pa lẹ́nu ọ̀nà. Lọ sílẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún rẹ bí ẹni tí ó fẹ́ lọ sí sùjúdù, wọ abẹ́ tábìlì tí ó lágbára, bo orí àti ọrùn rẹ, kí o sì di ẹsẹ̀ tábìlì náà mú títí ilẹ̀ yóò fi dákẹ́. Bí kò bá sí tábìlì, súnmọ́ ògiri inú ilé tí kò ní fèrèsé, kí o fi apá bo orí. Bí o bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, dúró síbẹ̀, kí o fi ìrọ̀rí bo orí rẹ. Bí o bá wà níta, jìnnà sí ilé, òpó iná àti igi ńlá. Bí o bá ń wakọ̀, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe lábẹ́ afárá.

Bí ó bá ká ọ mọ́ orí ìrun ń kọ́? Àwọn onímọ̀ fíkìhì ti ṣàlàyé pé ó tọ́ láti já ìrun nítorí gbígba ẹ̀mí là. Já a, dáàbò bo ara rẹ àti ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o sì wá kí i padà. Ahọ́n rẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ tábìlì, fi máa rántí Ọlọ́hun.

Bí ó bá dákẹ́, wọ bàtà rẹ, wo ara rẹ àti àwọn ará ilé rẹ, kí ẹ jáde pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ tì í, ẹ má ṣe ṣá iná, ẹ má sì fọwọ́ kan súìṣì. Ẹ má ṣe padà sínú ilé tí ó ti sán, nítorí ilẹ̀ yóò tún máa mì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ilé bá wó bò, kí ó fi aṣọ bo imú, kí ó máa fọn fèrè tàbí kí ó máa lu páìpù tàbí ògiri. Kí ó má máa pariwo lásán, eruku á wọ̀ ọ́ nínú, agbára rẹ̀ á sì tán.

ỌGBỌ́N TÍ ÀWỌN ÒBÍ FI SÍLẸ̀

Erékùṣù kan wà ní Indonéṣíà tí à ń pè ní Simeulue, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ọdún 1907, ilẹ̀ mì, òkun fà sẹ́yìn, ó sì padà wá gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwọn tí ó yè fún nǹkan náà ní orúkọ, smong, wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ: bí ilẹ̀ bá mì gidigidi, tí òkun sì fà sẹ́yìn, ẹ má ṣe dúró wòran, orí òkè ni kí ẹ gbà. Ọdún 97 kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.1 ṣẹlẹ̀ nítòsí wọn. Òkun gbé ènìyàn tí ó lé ní 200,000 lọ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì pa apá púpọ̀ nínú ìlú Banda Aceh run. Ní Simeulue, nínú nǹkan bí 78,000 ènìyàn, méje péré ló kú. Kò sí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí ìyá àgbà sọ lẹ́bàá iná àdògán ló gbà wọ́n là. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ ŃKỌ́?

Ilẹ̀ wa kì í mì bíi ti Turkey. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1984, wọ́n mọ ìmìtìtì lára ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 sì ni ilẹ̀ mì ní Mpape ní Àbújá. Wọn kò le, Àlùhámúdù lilāhi. Ṣùgbọ́n ilé tiwa ń wó láìjẹ́ pé ilẹ̀ mì rárá. Ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Ilé tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kú níbẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá mì tí ilé wa ń wó, kí ni yóò ṣẹ́kù bí ó bá mì lọ́jọ́ kan?

Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bíríkìlà wà níbẹ̀, ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà wà níbẹ̀, ẹni tí yóò di kọ́ńtíráktọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń fọwọ́ sí ìwé ilé wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́hun. Irin tí ẹ bá yọ kúrò nínú òpó, àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ bá dín kù, ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí láìdé ibi iṣẹ́, àmáánà ni. Ẹ lè kí ìrun Tàhájúdì lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ilé yẹn yóò jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀mí kan là, Al-Kùránì kà á sí ẹni tí ó gba gbogbo ènìyàn là. Ẹni tí ó kọ́ ilé rẹ̀ dáadáa ti gba ẹ̀mí là kí ewu tó dé, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó fara pa. Ẹ jẹ́ kí a mọ àwọn arúgbó àti aláìsàn tí ó ń dá gbé ní àdúgbò wa. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ibi tí ilẹ̀ ti ń mì fi wáàsí yìí ránṣẹ́ sí i kí oṣù yìí tó parí, kí ó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yìí: Níbo ni ẹ ó ti pàdé? Níbo ni omi yín wà? Ta ló mọ bí a ti ń ti gáàsì? Bí kò bá rí ìdáhùn fún ọ, má fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí yóò fi rí i.

Lẹ́yìn tí a bá ti so ràkúnmí wa tán, ẹ jẹ́ kí a wá tẹ́wọ́ àdúà.

Ọlọ́hun Ọba, ṣíjú àánú wo àwọn tí ilé wó pa ní Turkey, ní Síríà, ní Mòrókò, ní Kashmir àti níbi gbogbo. Gba àwọn onígbàgbọ́ inú wọn ní ṣàhíìdì. Tu àwọn ọmọ òrukàn wọn nínú. Ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lájò. Fún wa ní ọkàn tí ó gbáralé Ọ àti ọwọ́ tí kì í ya ọ̀lẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí ilé tí a kọ́ pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì kẹ́yìn, fi wá sí abẹ́ ìbòòji Rẹ. Àmín.

Ma salaam.